Bọ́ílà Oníyanrìn àti Ẹ̀pà Ràbíátù

Bí ẹ bá dé ilé iṣẹ́ ọṣẹ wa ní Oregun, tí ẹ béèrè Oyèkànmí, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á sọ fún yín pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Bọ́ílà ni kí ẹ béèrè. Alàájì Dàwódù tó ni ilé iṣẹ́ pàápàá kò mọ orúkọ mìíràn tó ń jẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ga, ó tín-ín-rín, iná sì ti jẹ irun ojú rẹ̀ tán tipẹ́tipẹ́, tó fi jẹ́ pé ojú rẹ̀ máa ń dà bí ojú ẹni tí gbogbo nǹkan ń yà lẹ́nu. Èmi ni Uswat, èmi ni mò ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí. Ọdún kan náà ni wọ́n gba èmi àti òun síṣẹ́, ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí fún yín tó mi, kò sì sẹ́ni tí inú rẹ̀ ti bí sí i tó mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rá màlúù tí a ń rà ní Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, àti àdín ni a fi ń se ọṣẹ, nínú ìkòkò irin tó ga ju ènìyàn méjì lọ. Iná kì í fojú kan ìkòkò yẹn. Bọ́ílà ló ń se omi lọ́tọ̀ títí omi á fi di ooru, ooru náà á gba inú páìpù wọlé, òun ló ń se ọṣẹ. Bí ooru bá rẹ̀ sílẹ̀, ọṣẹ á dì sínú ìkòkò láìjinná, kò ní jẹ́ ọṣẹ, kò ní jẹ́ ọ̀rá, ṣọ́bìrì la ó fi wà á jáde. Ọwọ́ Bàbá Bọ́ílà ni oúnjẹ gbogbo wa wà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé.

Dísẹ́ẹ̀lì ni bọ́ílà wa àtijọ́ ń mu. Nígbà tí dísẹ́ẹ̀lì ṣì pọ̀, tí kò wọ́n, kò sẹ́ni tó béèrè iye tó ń mu. Àfìgbà tí owó rẹ̀ fò sókè tí kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Láràárọ̀ ni Alàájì wá ń dúró sí ilé bọ́ílà, tí ó ń wo páìpù dísẹ́ẹ̀lì, tí ó ń mí kanlẹ̀. Bàbá Bọ́ílà ní ìmí ẹ̀dùn Alàájì kò jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn ẹ̀rọ òun mọ́.

Ìgbà náà ni ẹnjiníà tuntun dé, Tóyọ̀sí, obìnrin tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó sọ fún Alàájì pé bọ́ílà kan wà tó ń jẹ èèpo ẹkùrọ́, èyí tí àwọn tó ń fọ́ ẹkùrọ́ lọ́nà Ìjẹ̀bú ń kó jọ bí òkìtì tí wọn ò sì mọ ohun tí wọn ó fi ṣe. Ó ní ibi tí a bá ti ń ná náírà mẹ́wàá sórí dísẹ́ẹ̀lì, a ò ní ná tó márùn-ún mọ́. Alàájì ò dúró gbọ́ ìyókù kó tó ní kí wọ́n lọ rà á. Bẹ́ẹ̀, ìyókù yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Iyanrìn ló kún ààrò bọ́ílà náà. Fáànù ńlá kan ń fẹ́ atẹ́gùn gba abẹ́ iyanrìn yẹn, iyanrìn á gbéra sókè, á máa hó, á pọ́n fòò, èèpo ẹkùrọ́ tí wọ́n bá sì dà sáàárín rẹ̀, á jó di eérú kíá.

Nígbà tí Bàbá Bọ́ílà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Iyanrìn kẹ̀? Ẹnjiníà, bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa mẹ́rin ló wà lára ògiri yẹn. Iyanrìn ló wà nínú wọn. Iyanrìn la fi ń paná láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ṣé òun ni kí n wá máa fi dáná báyìí?"

"Bàbá, ẹ ṣe sùúrù," Tóyọ̀sí dá a lóhùn. "Ẹ ó rí i."

Ó rí i lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tanná sí bọ́ílà tuntun, ẹ̀yìn gbogbo wa ló dúró sí, ó káwọ́ gbera, ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Tóyọ̀sí yíjú, ó pè é. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo inú ihò yìí. Ẹ̀yin lẹ mọ iná jù wá lọ. Kí lẹ rí?" Bàbá Bọ́ílà bẹ̀rẹ̀, ó fojú sí gíláàsì ihò náà. Ó pẹ́ níbẹ̀ tí mo fi rò pé ẹ̀yìn ti dì mọ́ ọn. Nígbà tó nàró, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ó ń hó," ó ní. "Uswat, wá wò ó. Ọlọ́run mi ò, iyanrìn ń hó bí ògì."

Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ ò lè sọ̀rọ̀ bọ́ílà yẹn láìdáa níwájú rẹ̀. Ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn awakọ̀ tó ń kó ọ̀rá wá, ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó wá ka mítà iná. Láràárọ̀ ni Tóyọ̀sí máa ń bi í pé, "Bàbá, kí lẹ rò?" tí á sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí ti ń bá ẹnjiníà ṣiṣẹ́, àṣẹ ni wọ́n máa ń pa fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnìkan á béèrè èrò rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ iṣẹ́ tó mọ́. Owó dísẹ́ẹ̀lì lọ sílẹ̀, Alàájì jáwọ́ nínú ìmí ẹ̀dùn, ayé rọgbọ.

Ibi tí ayé ti rọgbọ ni èṣù ti ń wá ibi tó máa jókòó sí.

Ràbíátù ìyàwó Bàbá Bọ́ílà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Tàófíìkì, ẹ̀pà ló ń yan tà ní Agége, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Oko Ọba. Àwọn alápatà ni oníbàárà rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé alápatà kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. Iyanrìn gbígbóná ni obìnrin náà fi ń yan ẹ̀pà nínú agbada, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe yan án ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyìn tó ń jẹ ládùúgbò ni pé eyín ẹnìkan kò tí ì pàdé iyanrìn nínú ẹ̀pà rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí wọ́n ń tà níta láyé ìsinsìnyí ti yàtọ̀, amọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn alápatà jẹ ẹ̀pà lọ́jọ́ kan, ó tutọ́, ó ní, "Ìyá Tàófíìkì, ṣé ẹ̀ ń kọ́lé sí wa lẹ́nu ni?" Ràbíátù ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà.

Bàbá Bọ́ílà jókòó sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó ń ro ìbànújẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ọgbọ̀n àpò iyanrìn ló sì wà níwájú rẹ̀, èyí tí Tóyọ̀sí ní kí a máa fi kún ti inú ààrò, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni ti inú ààrò máa ń bá eérú jáde. Iyanrìn yẹn mọ́, ó ń dán, wọ́n ti sẹ́ ẹ débi pé hóró kan kò tóbi ju èkejì lọ. Èmi tí mo gbà á wọlé mọ̀ pé owó gidi ni wọ́n fi rà á. Bàbá Bọ́ílà bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó jẹ́ kí ó máa yọ́ jáde láàárín ìka rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú Ràbíátù ló ń rí nínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí àgbàlagbà yìí ṣe. Ó fi kúlà oúnjẹ rẹ̀ bu iyanrìn náà lọ sílé lálaalẹ́. Ní àárọ̀, ó ń fi kúlà kan náà bu iyanrìn àtijọ́ tí Ràbíátù ti fi yan ẹ̀pà padà wá, ó ń dà á sínú àpò, ó ń rán ẹnu rẹ̀ pa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ yìí, àpò méjì ló sì ti yí padà tán. Bí ẹ bá bi í, á ní òun kò jalè. Iyanrìn lòun mú, iyanrìn lòun dá padà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo sì ń ka àpò, kò dín kan. Àpò ni wọ́n ní kí n máa kà, wọn ò ní kí n máa tú u wò.

Ó wá parọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ó sọ fún Ràbíátù pé Alàájì Dàwódù ló fi iyanrìn òyìnbó ta òun lọ́rẹ nítorí ọdún tí òun ti lò níbi iṣẹ́. Obìnrin tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni Ràbíátù, kì í jẹ ohun tí kò mọ orísun rẹ̀. Ó gba ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó sì fi orúkọ Alàájì sínú àdúrà. Ìrun márààrún ni ó fi ń gbàdúrà fún un. Kò tán síbẹ̀, ó tún ń di ẹ̀pà rán sí i. Alàájì ń jẹ ẹ́ ní ọ́fíìsì, ó ń yin ẹ̀pà náà, kò sì mọ ohun tí òun ṣe tí wọ́n fi ń fún òun. Ó kàn gbà pé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn òun ni.

Lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n tú ọ̀kan nínú àwọn àpò méjì yẹn sínú bọ́ílà. Kò pé wákàtí márùn-ún tí abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn ooru bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Bàbá Bọ́ílà sáré lọ wo ihò. Iyanrìn kò hó mọ́. Ó dákẹ́ síbẹ̀, ibì kan pọ́n, ibì kan dúdú. Wọ́n paná, ọṣẹ dì sínú ìkòkò, gbogbo wa gbé ṣọ́bìrì. Nígbà tí bọ́ílà tutù tí wọ́n ṣí i, iyanrìn ti dì mọ́ra wọn di òkúta, òmíràn tó orí ènìyàn. Tóyọ̀sí yẹ fáànù wò, ó yẹ èèpo ẹkùrọ́ wò, ó ka ìwé rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Wọ́n da iyanrìn mìíràn sí i, wọ́n tún tan án. Àpò kejì ti Bàbá Bọ́ílà wà lára èyí tí wọ́n dà. Lọ́jọ́bọ̀, ó tún dì.

Alàájì wá sí ilé bọ́ílà, ìmí ẹ̀dùn rẹ̀ ti padà dé. Ó ní, "Ẹnjiníà, lọ́la lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wá sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí fún mi. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, mo ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀. Ìwọ àti ẹ̀rọ rẹ, ọjọ́ kan náà lẹ ó jáde níbí. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá máa pa mí, kí ó pa mí."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Bọ́ílà nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ń gbọn ìsàlẹ̀ àpò tó ti ṣófo kí ó tó ká a pọ̀, òórùn ẹ̀pà yíyan sì ta sí i nímú. Ó bu hóró díẹ̀ sórí ahọ́n. Iyọ̀ ni. Ràbíátù máa ń rẹ ẹ̀pà sínú omi iyọ̀ kó tó yan án, iyọ̀ ojoojúmọ́ yẹn ló sì ti wọ inú iyanrìn agbada rẹ̀. Ó ṣa òkúta kan nínú èyí tí a wà jáde, ó lá a. Ó wá sí ilé ìkẹ́rùsí mi, ó jókòó sórí páálí ọṣẹ, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, láti orí kúlà títí dórí irọ́.

Mo bú u. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà yìí! Ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa nítorí ẹ̀pà?" Lẹ́yìn náà ni mo ronú kan èmi fúnra mi. Èmi ni mo ń ka àpò. Èmi ni mo ń fọwọ́ sí i. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní, "Bàbá Bọ́ílà, ẹ panu mọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ojora ló mú mi, ohun tí mo sì sọ nìyẹn.

Ó mi orí. "Ọmọ yẹn pè mí pé kí n wá wo ihò," ó ní. "Ṣé kí n wá máa wò ó kí wọ́n lé e?" Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. "Alàájì á lé mi, mo mọ̀. Ìyẹn ò tó nǹkan. Ràbíátù ni kò gbọdọ̀ gbọ́."

Nígbà tí a wọ ọ́fíìsì Alàájì lẹ́yìn ìrun, Tóyọ̀sí di ìwé mẹ́rin mọ́ àyà. Alàájì jókòó, ó ń bu ẹ̀pà jẹ nínú ọ̀rá kékeré kan. Kí ọmọbìnrin náà tó lanu, Bàbá Bọ́ílà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀bi ẹ̀rọ kọ́, sà. Ẹ̀bi ẹnjiníà kọ́. Iyọ̀ ni. Èmi ni mo da iyọ̀ sí i." Ó sọ ọ́ bó ṣe wà, ojú rẹ̀ dojú kọ kápẹ́ẹ̀tì.

Tóyọ̀sí ju ìwé sílẹ̀. "Iyọ̀!" ó pariwo. "Iyọ̀ ló ń yọ́ tó ń lẹ iyanrìn pọ̀! Ah, Bàbá, ẹ ṣeun!" Ó ń fò sókè bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn, títí ó fi rántí pé olè ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Alàájì ò fò. Ó ń wo ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀. Ó ti dẹ́kun jíjẹ. "Ẹ̀pà tí ò ń sọ yìí," ó béèrè, "ṣé ẹ̀pà yìí ni?"

"Òun ni, sà."

Alàájì ò lè tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ nù níwájú wa, ó sì dà bíi pé kò fẹ́ gbé e mì. Nígbà tó gbé e mì tán, ó bínú dé góńgó. Ó ní kí Bàbá Bọ́ílà kó ẹrù rẹ̀. Tóyọ̀sí kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀ pẹ̀lú orókún mi tó ń dùn mí, a ní ẹni tó jẹ́wọ́ ló gba ilé iṣẹ́ là. Alàájì ní òun ò gbọ́. Ó wá ní, "Nọ́ńbà fóònù ìyàwó rẹ dà? Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, bóyá ẹ jọ gbìmọ̀ pọ̀ ni."

Ibẹ̀ ni Bàbá Bọ́ílà ti gbórí sókè. "Alàájì, ẹ lé mi," ó ní. "Ẹ lé mi báyìí, mo ti ń lọ. Ẹ ṣáà má pè é." Alàájì ti gba fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó ti ń tẹ̀ ẹ́.

Kò pé wákàtí kan tí Ràbíátù fi dé. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí àsàlátù, ó fi ìgò ẹ̀pà ńlá kan há abíyá, ojú rẹ̀ ń dán. Ó rò pé Alàájì ránṣẹ́ láti dúpẹ́ ẹ̀pà ni. Kò jẹ́ kí ẹnìkankan sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Alàájì rí ogun ọmọ, kí ó má jẹ́ kí ó rí ogun owó, kí gbogbo ohun tó bá dáwọ́ lé máa yọrí sí rere. Ó gbàdúrà fún orókún Alàájì, ó gbàdúrà fún àwọn ìyàwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ni Alàájì ì bá ṣe? Ó ń ṣe "Àmín" pẹ̀lú ojú tó le koko. Àwa náà ń ṣe "Àmín". Bàbá Bọ́ílà nìkan ni kò ṣe é.

Nígbà tó parí, Alàájì sọ fún un. Inú tirẹ̀ náà ti rọ̀ díẹ̀, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní dunni.

Ràbíátù ò pariwo. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Tàófíìkì, ẹ ní wọ́n fi ta yín lọ́rẹ ni."

Ọkùnrin náà tún dojú kọ kápẹ́ẹ̀tì.

Ràbíátù yíjú padà sí Alàájì. "Alàájì, ẹ yọ̀ǹda fún mi, mi ò mọ̀. Gbogbo iyanrìn yín á dé lọ́la. Ẹ̀pà tí mo ti fi yan, mi ò lè gbà á padà lẹ́nu àwọn tó jẹ ẹ́. Àdúrà tí mo ti gbà fún yín náà, mi ò ní gbà á padà."

"Èmi náà wà lára àwọn tó jẹ ẹ́," Alàájì ní. Ó fọwọ́ nu ojú. Ó wá dájọ́. Kí Bàbá Bọ́ílà lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìgba owó, kí ó wá padà wá sẹ́nu bọ́ílà, nítorí ahọ́n tó lè mọ ohun tí ìwé kò mọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lé dànù. Ó ní Ràbíátù náà jàre, kí ó má jáwọ́ nínú ẹ̀pà, òun á máa sanwó rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n da iyanrìn mímọ́ sí bọ́ílà, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń hó láìdúró. Tóyọ̀sí wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ kún ìwé rẹ̀, ó fi gègé pupa fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ orúkọ Oyèkànmí síwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ràbíátù kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gbé oúnjẹ fún un, ó fọ aṣọ fún un, kò la ẹnu. Bàbá Bọ́ílà ń pè mí lórí fóònù. Ó ní ká ní ó ń bú òun ni, òun ì bá mọ ibi tí òun wà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bá a lọ sí ìsọ̀ láìjẹ́ pé ó pè é. Ó jókòó sídìí agbada, ó gba igi ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀. Ràbíátù jẹ́ kí ó gbà á.

Mo yà síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ràbíátù jókòó lórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀pà. Ọkùnrin tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n dáná fún ilé iṣẹ́ odindi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eérú bò ó lórí, ó ń ro iyanrìn tí wọ́n rà ní Ìṣẹ̀rì, tí òun fúnra rẹ̀ fi omi ṣan nígbà mẹ́sàn-án, tó sì sẹ́ títí òru. Àwọn alápatà ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó rí mi, ó fà mí mọ́ra, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí bí ẹni tó ń fi àṣírí ìlú hàn mí.

"Uswat, ó kí mi láàárọ̀ yìí."

"Kí ló ní?"

Kí ó tó dáhùn, Ràbíátù gbé ohùn sókè láti orí àpótí. "Ta ló kọ́ yín ní iná dídá? Iná yẹn ti pọ̀ jù!"

"Ó ti pọ̀ jù," Bàbá Bọ́ílà gbà bẹ́ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín rẹ̀ hàn síta, ó sì ń fa igi jáde lábẹ́ agbada.